Ibi Tí Ẹja Kì Í Ti Í Rùn

Láti ọjọ́ tí Màrdíyyàh ti fẹ́ Zainudeen ẹlẹ́ja, kò sí ohun kan nínú ilé wọn ní Gamboru, nílùú Maiduguri, tí kì í rùn. Kì í ṣe pé ilé náà dọ̀tí. Obìnrin náà ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ó ń fi omi ọṣẹ nù ún nírọ̀lẹ́, ó ń jó tùràrí ní gbogbo igun. Ṣùgbọ́n kí ni ọṣẹ fẹ́ ṣe fún ilé tí banda kún yàrá rẹ̀ méjì dé àjà? Banda ni ẹja adágún Ṣáàdì tí wọ́n ká nírù mọ́ ẹnu, tí wọ́n fi èéfín gbẹ títí ó fi dúdú bí èédú. Wọ́n á tò ó sínú páálí, wọ́n á fi okùn dì í, ọkọ̀ á gbé e lọ sí Ìbàdàn. Àwọn ará ibẹ̀ á fi se ọbẹ̀, wọ́n á máa lá ìka, wọ́n á ní kò sí ẹja tó dà bí ẹja Maiduguri. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó bèèrè rí pé ta ló ń sùn ti ẹja yìí kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn.

Màrdíyyàh ló ń sùn tì í. Ọmọ Ọ̀fà ni. Agùnbánirọ̀ ni nígbà tó kọ́kọ́ dé Maiduguri, ọmọge tó ń fi lọ́fínńdà sí ẹ̀yìn etí kó tó lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Gamboru yìí ni wọ́n bí Zainudeen sí, bàbá rẹ̀ sì ti ń ta ẹja níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ó rí ọmọge náà lọ́jà, ó fún un ní ẹja kan lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì tẹ̀lé e délé. Ọkùnrin dáadáa ni. Kò nà án rí, kò fẹ́ ìyàwó kejì, kì í jẹ́ kí oúnjẹ wọ́n wọn nílé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé imú ẹlẹ́ja ti kú. Ẹni tí wọ́n bí sínú òórùn kò mọ̀ pé òórùn ni, afẹ́fẹ́ ló pè é.

Òórùn nìkan kọ́ sì ni wàhálà ẹja gbígbẹ. Kòkòrò dúdú kékeré kan ń gbé inú rẹ̀, kòkòrò yìí ló ń bí ìdin onírun, ìdin náà sì ń rìn. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ inú aṣọ, ó ń wọ inú garawa ìrẹsì, ó ń wọ inú ìrọ̀rí. Lọ́jọ́ kan Màrdíyyàh dúró níwájú kíláàsì ní ilé ìwé tó ti ń kọ́ni ní Galtimari, ó ṣí ìwé láti pe orúkọ àwọn ọmọ, ìdin bọ́ sórí tábìlì, ó ń ká kò, ó ń nà. Ọmọbìnrin tó jókòó níwájú sọ ọ́ ní Hausa, "Tsutsa," gbogbo kíláàsì sì na ọrùn kí wọ́n lè rí ìdin tó jáde lára tíṣà. Nínú yàrá àwọn olùkọ́ ńkọ́? Bó bá ti wọlé, ẹnì kan á dìde, á rọra ṣí fèrèsé, á ní ooru mú. Nígbà ọyẹ́ pàápàá, tí ètè gbogbo èèyàn ti bẹ́, tí wọ́n ń gbọ̀n nínú súwẹ́tà, ooru á ṣì máa mú wọn. Màrdíyyàh á jókòó, á ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀, ìtìjú á sì máa jó o lábẹ́ ìbòrí.

Lẹ́yìn náà ni omi ya wọ ìlú. Zainudeen wà ní Ìbàdàn lákòókò náà. Màrdíyyàh mú Fathiah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wọ́n sá lọ sílé Alájì Làtíì, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ní Bolori. Nígbà tí omi fà, tí wọ́n padà délé, banda ti mu omi yó. Ẹja tó ti gbẹ tún wú padà, ó là, ó ń yọ̀, ó lẹ̀ mọ́ ògiri, ó lẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì, omi ọbẹdo kan ń sun lára rẹ̀. Eṣinṣin bò ó débi pé ó dà bíi pé ẹja náà ń mí. Kò sí alágbàṣe tó gbà láti wọlé. Màrdíyyàh fi ìbòrí di imú, ó mú ṣọ́bìrì, ó ń kó o síta fúnra rẹ̀. Ó ń bì, ó ń kó, títí kò fi sí nǹkan tó kù nínú rẹ̀ tó lè bì mọ́. Ìdin wọ̀ ọ́ ní bàtà, ó rìn wọ àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí i lára débi pé ká ní èèyàn lè bọ́ awọ ara sọnù bí aṣọ, ìbá bọ́ ọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Zainudeen dé, tó rí bí ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ṣe bó, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún.

"Màrdíyyàh," ó ní, "sọ ibi tó bá wù ẹ́ láyé yìí. Wallahi, mo máa mú ẹ lọ síbẹ̀ kí o lọ sinmi."

"Nọ́wè," ni Màrdíyyàh dáhùn. Kò tilẹ̀ rò ó.

Ẹni tó fa ọ̀rọ̀ Nọ́wè ni Olúwadáramọ́lá, tí wọ́n jọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Maiduguri, tó ti di nọ́ọ̀sì ní Oslo, olú ìlú Nọ́wè, báyìí. Dára máa ń fi fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ sí i: òrùlé funfun, igi funfun, ọ̀nà funfun tí ẹsẹ̀ èèyàn kò tíì tẹ̀. Ìgbà kan ló fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, tí yìnyín bá bọ́ tán, o ò ní gbọ́ òórùn ohunkóhun. Imú ẹ á kàn sinmi." Màrdíyyàh gbọ́ ohùn yẹn títí ó fi há a sórí. Odò wàrà àti odò oyin ni àwọn ẹlòmíràn ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ibi tí imú ti ń sinmi ni òun ń tọrọ, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí òun tó kú.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde, ẹnu kò sìn lára wọn. Àwọn obìnrin àsálátù bèèrè bóyá oyún ni wọ́n ń gbé lọ bí. Ìyá àgbà kan ní àìsàn ni wọ́n fẹ́ lọ wò, wọ́n kàn ń fi pamọ́ fáráyé ni. Pé kí èèyàn wọ bàálù lọ wo òtútù lásán, kó sì padà wálé, kò yé ẹnikẹ́ni. Alájì Làtíì ní tirẹ̀ ní òun kò rí ohun tó wà nínú yìnyín tí kò sí nínú firíjì òun.

Zainudeen kò yẹ̀ sẹ́yìn, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó gba ìwé ìrìnnà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wọ̀nà Àbújá lọ, wọ̀nà Àbújá bọ̀ nítorí físà, títí wọ́n fi rí i gbà. Màrdíyyàh ń bá Dára sọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n máa dé sí àti ibi tí wọ́n máa lọ wò, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ dá a dúró.

"Ìyá Fathiah, fi ètò tó kù sílẹ̀ fún mi," ó ní. "Mo fẹ́ yà ẹ́ lẹ́nu."

Ojú rẹ̀ ń dán bí ó ṣe ń sọ ọ́. Inú Màrdíyyàh dùn, ó fi í sílẹ̀ fún un.

Ibi tí ẹ̀gbin ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Zainudeen lọ sí ọjà gwanjo, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ òkè òkun àlòkù, ó ra ẹ̀wù òtútù fún gbogbo wọn. Ẹ̀wù gidi ni, ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n fi kún inú rẹ̀, ti Màrdíyyàh sì funfun báláú. Nítorí pé kò fẹ́ kí wọ́n tètè rí i, ibo ni ọkùnrin yìí gbé e pamọ́ sí? Inú yàrá banda, láàárín páálí àti páálí, ó sì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé e jáde pẹ̀lú ẹ̀rín, Màrdíyyàh gbà á, ó ki imú bọ inú ọrùn ẹ̀wù náà. Òórùn náà ti wọ inú ìyẹ́ lọ, ó ti di ará ilé. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, ó fi ọsàn wẹ́wẹ́ rẹ ẹ́, ó sá a sóòrùn. Ìyẹ́ inú rẹ̀ di kókó-kókó bí iyán tí wọn kò gún dáadáa, ó sì ń rùn síbẹ̀.

"Èmi ò gbọ́ nǹkan kan o," ni Zainudeen wí, ó fi imú fa ẹ̀wù náà dé ìsàlẹ̀. "Ó ń ta sánsán ọṣẹ ni."

Lẹ́yìn ìyẹn ló yí oṣù padà. Oṣù kejìlá ni wọ́n ti jọ fẹnu kò sí, ó ní ó di oṣù kẹrin, lẹ́yìn ààwẹ̀, nígbà tí ilé ìwé bá gba ìsinmi. Màrdíyyàh bi í bóyá yìnyín á ṣì wà. Ó ní á wà. Ó ní ìgbà yẹn gan-an ló dára jù. Màrdíyyàh kò bèèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí wọ́n ṣèlérí fún kì í fẹ́ fi ìbéèrè ba ìlérí jẹ́.

Ní ọjọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìrun Alásárì, Zainudeen pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá bá wọn wo ibi tí wọ́n ń lọ. Òun àti Alájì Làtíì ló jọ ni òwò náà. Alájì dé láti Bolori, ikùn rẹ̀ ṣáájú rẹ̀ wọlé. Ó jókòó sórí àga tí Màrdíyyàh ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ aṣọ rẹ̀, ó ń fi èékánná yọ ẹja tó há sí i léyín. Ó wo èyí tó yọ dáadáa, ó sì dá a padà sẹ́nu. Màrdíyyàh gbójú kúrò.

Zainudeen so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ó tan fídíò kan. Òkun ló kọ́kọ́ jáde, ó mọ́, ó ń dán. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkè tí yìnyín bò, àti àwọn ilé pupa kéékèèké tó dúró lórí òpó lẹ́bàá omi. Àyà Màrdíyyàh fúyẹ́. Fathiah, tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹni tó ya fídíò náà wá yí ojú kámẹ́rà padà, ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ilé náà.

Igi ni wọ́n kàn níbẹ̀, igi lórí igi, ó gba gbogbo etí omi lọ rẹrẹẹrẹ. Ẹja ló wà lórí igi náà. Wọ́n ti bẹ́ wọn lórí, wọ́n so wọ́n nírù ní méjì-méjì, wọ́n fi wọ́n kọ́ sókè kí atẹ́gùn òtútù máa gbẹ wọ́n, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ní apá kejì, orí ẹja nìkan ni. Wọ́n fi okùn gún un pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀, ojú wọn ti wọnú. Àwọn ọmọdé kan dúró ti agbada ńlá, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé ahọ́n ẹja, ẹ̀jẹ̀ dé ìgbúnwọ́ wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Pánla," ni Alájì Làtíì wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ohùn ẹni tó wọ mọ́ṣáláṣí. "Zainu, ṣé ibi tí pánla ti ń wá nìyí?"

"Ibẹ̀ gan-an ni, Ẹ̀gbọ́n. Erékùṣù ni, lókè Nọ́wè pátápátá. Oṣù kẹrin ni ẹja máa ń wà lórí igi báyìí, ìdí tí mo fi yí oṣù padà nìyẹn." Omijé ti gba ojú Zainudeen. "Bàbá wa ta banda, wọ́n ta pánla títí wọ́n fi kú, wọn ò rí ibi tí wọ́n ti ń sá a. Ọ̀kan nínú àwọn ilé pupa yẹn ni a máa dé sí. Tí ìyàwó mi bá ṣí fèrèsé láàárọ̀, ẹja ló máa kọ́kọ́ rí."

Bí ọkùnrin mìíràn ṣe máa sọ pé òdòdó ni ìyàwó òun máa kọ́kọ́ rí ló ṣe sọ ọ́. 

"Bàbá Fathiah," ni Màrdíyyàh wí, "kí lẹ pe èyí?"

"Họ́lídè ẹ ni."

"Ẹja ni mò ń wò."

"Fara balẹ̀ kí o gbọ́ mi." Zainudeen jókòó sí etí àga, ó kọjú sí i. "Mo ti rò ó jinlẹ̀. Kì í ṣe ẹja gan-an ló ń rí ẹ lára. Ooru tiwa níbí ló ń bà á jẹ́, àti èéfín, àti omi ọjọ́sí yẹn. Ti ọ̀dọ̀ wọn, òtútù ni wọ́n fi ń gbẹ ẹ́. Kò síná, kò sí eṣinṣin. Ibi kan ṣoṣo láyé tí ẹja kì í ti í rùn nìyẹn. Torí tìẹ ni mo fi wá a kàn."

"Ta ló sọ fún yín pé kì í rùn?"

"Ọkùnrin tó ni ilé tí a máa dé sí."

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Zainudeen yí ojú sí tẹlifíṣọ̀n. "Ẹlẹ́ja ni."

Ohun tó dun Màrdíyyàh jù ni pé ọkọ rẹ̀ kò parọ́. Ká ní ó fẹ́ fi ìsinmi rẹ̀ bojú wá òwò ni, ìbá rọrùn. Èèyàn mọ bí wọ́n ṣe ń bá oníjìbìtì jà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí wo gbogbo ayé yíká, ó wá ibi tó dára jù lójú tirẹ̀ fún ìyàwó tó fẹ́ràn, ó sì rí òkú ẹja tí wọ́n fi kọ́gi.

Alájì Làtíì fi ọwọ́ tó fi ń ta eyín nu apá àga. "Ìyàwó wa," ó ní, "tí ẹ bá débẹ̀, o máa fi Gẹ̀ẹ́sì ẹ bá wa bi ọkùnrin náà pé èló ló ń tà á. Òórùn tí o ń sọ yẹn, owó ni. Òórùn yẹn ló fi wúrà sí ẹ létí."

Màrdíyyàh fọwọ́ kan yẹtí rẹ̀. Ó wo apá àga náà, ó wo àwọn orí ẹja tó ṣì ń lanu lójú tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó ti ń gbé mì láti ọdún tó ti wọ ilé náà gba ẹnu rẹ̀ jáde.

"Bàbá Fathiah, ẹ̀ ń rùn."

Ẹ̀yin náà mọ irú ọ̀rọ̀ tí èyí jẹ́. Obìnrin lè bá ọkọ rẹ̀ fa wàhálà nínú yàrá, ó lè kọ̀yìn sí i, ó lè má bá a sọ̀rọ̀ títí oṣù á fi parí, ṣùgbọ́n kì í bọ́ aṣọ lára ọkọ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ. Màrdíyyàh mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dá ẹnu dúró.

"Kì í ṣe ilé," ó ní. "Kì í ṣe páálí. Ẹ̀yin fúnra yín ni. Ó wà nínú irùngbọ̀n yín, ó wà lábẹ́ èékánná yín, tí ẹ bá wẹ̀ tán, ó tún wà níbẹ̀. Ojú ògiri ni mo máa ń kọ sùn. Mo ní kí ẹ mú mi kúrò nínú ẹja fún ìgbà díẹ̀, ilé bàbá ẹja lẹ rí mú mi lọ."

Alájì Làtíì dìde. "Astagfirullah. Zainu, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó ẹ ń sọ sí ẹ lára?"

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Zainudeen gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí imú, ó fà á símú. Ó yí ọwọ́ náà padà, ó tún fà á. Ó na ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó gbọ́ ìyẹn náà. Ojú rẹ̀ fi hàn pé kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wá wo ọmọ rẹ̀.

"Fathiah, ṣé òótọ́ ni?"

Ọmọ náà, tí Hausa ti yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, wo ilẹ̀. "Baba, haka ne," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ní school, Kifi ni wọ́n ń pè mí. Ẹja. Kò sí ẹni tó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Tun ina primary. Láti primary."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Mo rò pé ẹ mọ̀ ni, Baba."

Alájì Làtíì kò dúró jẹun. Ó jáde lọ wá kéké, ó ń kùn pé obìnrin tó kàwé ló ń ba ilé jẹ́. Zainudeen pa tẹlifíṣọ̀n, ó bọ́ sí bálùwẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Láti inú kíṣìnnì, Màrdíyyàh ń gbọ́ omi, ó ń gbọ́ bí kànhìnkànhìn ṣe ń ha ara bí ẹni tó ń ha ìdí ìkòkò. Omi á dá, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde wá mú ọsàn wẹ́wẹ́ lórí tábìlì láìwo ojú ẹnikẹ́ni, ó tún wọlé padà.

Kí Màgáríbì tó dé, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Jàlámíà funfun ló wọ̀. Ó ti fá irùngbọ̀n rẹ̀, èyí tó ti dá sí láti ìgbà tó ti Mẹ́kà dé. Àgbọ̀n rẹ̀ pọ́n, ó bó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kéré, bí àgbọ̀n ọmọdé. Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ọmọ tí wọ́n ní kó wá fi èékánná han olùkọ́.

"Ṣé ó ti lọ?" ó bèèrè.

Màrdíyyàh nu ọwọ́, ó sún mọ́ ọn. Ó gbé imú sí ọrùn rẹ̀, níbi tí kò gbé imú sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ọsàn wà níbẹ̀, ọṣẹ wà níbẹ̀, tùràrí wà níbẹ̀. Lábẹ́ gbogbo wọn ni ẹja jókòó sí, kò tilẹ̀ mira. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é títí omi fi yọ lójú rẹ̀, ọkọ náà sì tún rí i lára títí itọ́ fi kún ẹnu rẹ̀. Àánú kò lé ìríra jáde. Irọ́ kékeré kan ìbá parí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sì jọ jẹ tùwó wọn. Ó ṣí ẹnu láti pa á.

"Ó ṣì wà níbẹ̀," ló wí.

Zainudeen mi orí. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Èmi kò ní lọ mọ́," ó ní. "Ìwọ àti Fathiah, ẹ lọ sọ́dọ̀ Dára ní Oslo, níbi tí yìnyín wà. Tí mo bá tẹ̀lé yín, ẹ ò tíì kúrò nílé nìyẹn."

Màrdíyyàh mọ̀ pé ó yẹ kí òun bẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí òun sọ pé, rárá o, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí la fẹ́ lọ ṣe láìsí yín. Ó wá ọ̀rọ̀ náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì kíṣìnnì bí obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Fathiah," ó ní.

Zainudeen bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì tó ti ha bó, kó lè gbé ìyàwó rẹ̀ dìde. Màrdíyyàh di èémí rẹ̀ mú, ó sì jẹ́ kó gbé òun.